Páànù Tí Kò Lè Gbé Oòrùn

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé àkàbà wọ Ìdí-Àgbọn,
àkàbà tuntun, tó ń dán bí eyín ọmọge.
Mo jáde. Ta ni kì í jáde wo àkàbà?
Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi gun òpó iná ní Ṣágámù yìí
kí eékún tó sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́.
Mo mọ wáyà tó gba orí wa lọ sí òpópó àwọn onígéètì.
Ó ń kọjá ni. Kì í dúró kí wa.

Ọmọ ẹnjiníà náà, Ṣóyọyè ni wọ́n ń pè é,
ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.
Ó ní ìjọba fẹ́ ká bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀,
kí èéfín tán, kí oòrùn máa ṣiṣẹ́ fún wa.
A ní ó dáa.
Iṣẹ́ tó ti ń ṣe lórí wa láti ọjọ́ yìí, ọ̀fẹ́ ṣáà ni.

Ó gun òrùlé Bàbá Ọdúnúgà.
Ẹsẹ̀ kan, páànù dún gbìì.
Ẹsẹ̀ kejì, ìpẹtà ṣí bí èèpo obì.
Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ṣòkòtò:
"Bàbá, páànù yín ò lè gbé e."

Páànù tó ń gbé eruku sìmẹ́ńtì láti kékeré mi,
tó gbé táyà mẹ́rin kí ìjì má baà ṣí i,
tó gbé òkú ológbò kan rí fún ọ̀sẹ̀ méjì
kí òórùn tó júwe rẹ̀ fún wa,
òun náà ni kò lè gbé oòrùn.

Lẹ́yìn náà ó yọ fọ́ọ̀mù. Ìlà kẹrin:
"Ta ló ni ilé?"
Ìyá Efúnlọ́lá ní, "Ẹni tó nilé wà l'Ékòó.
Ọdún mẹ́fà rèé, owó ilé nìkan ló ń bi wá léèrè."
Ẹni tó lórí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò lórí;
fọ́ọ̀mù ọ̀hún, fìlà nìkan ló ń béèrè.

Lọ́dọ̀ àwọn onígéètì, ó ti tàn.
Mo ń rí i lálẹ́ bí mo bá jókòó sórí pèpéle:
fèrèsé funfun, fèrèsé funfun, kò sí ariwo.
Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tà, ìsàlẹ̀ wa níbí ni wọ́n tà á sí.
Àwa la wá ń fa èéfín tiwọn mọ́ tiwa.
Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ gbà mí:
ṣé èéfín dínkù ni, àbí ó kó lọ sílé ẹlòmíràn?

Mo bi ọmọ náà. Kò dáhùn kíá.
Mo fẹ́ràn ẹni tí kì í dáhùn kíá.

Ìyá Efúnlọ́lá ló gbé igbá obì tó ń ṣà sílẹ̀.
Ó ní, "Abà obì ńkọ́?"
Abà obì! Gbogbo wa la dáwó fi kọ́ ọ,
òpó irin ló dá a dúró, èmi gan-an ni mo de nọ́ọ̀tì ibẹ̀,
kò sí lánlọ́ọ̀dù kankan tó lè ní tòun ni.
"Ẹ gbé e síbẹ̀, kí ẹ fa wáyà rẹ̀ dé ojúlé kọ̀ọ̀kan,
ká máa san iye tápá wa ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀,
bá a ṣe ń dá èésú."
Ẹnìkan ní, ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́?
Ìjà bẹ́. Inú mi dùn:
èèyàn kì í jà sí kọ́kọ́rọ́ ohun tí kò gbà pé ó ń bọ̀.

Ṣóyọyè wọn abà náà lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó ní fọ́ọ̀mù òun ò láyè fún "gbogbo wa."
Mo ní kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Mo dúró tì í títí tó fi kọ ọ́ tán.

Ó lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé.
Ṣùgbọ́n ẹ wá wo fíríìjì Ìyá Efúnlọ́lá,
tí kò tutù láti ọdún tọ́kọ rẹ̀ ti kú,
tí ìró àti bùbá ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú káńfọ̀.
Láàárọ̀ yìí, ó kó gbogbo aṣọ jáde sórí àga,
ó fọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ
nínú oòrùn, níwájú ilé.
Mo ní, "Wọn ò tíì dé o."
Ó ní, "Èmi náà ò tíì tì í."